"Orin ìyìn orílẹ̀-èdè" kọ́: èsì sí àbá orúkọ tuntun

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé "orin ìyìn orílẹ̀-èdè" ló yẹ ká máa pe orin tí gbogbo ìlú ń dìde dúró kọ (national anthem), nítorí pé "orin orílẹ̀-èdè" lásán lè kó jùjú àti fújì mọ́ra. Ẹ̀rù yẹn kò bà mí. Kò sẹ́ni tó ń pe fújì ní orin orílẹ̀-èdè. Orúkọ rẹ̀ gan-an la fi ń pè é. "Ìyìn" yẹn ni n kò gbà.

Ẹ wo tiwa ní Nàìjíríà. Èyí tí a gbà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1960, Lillian Jean Williams ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Frances Benda ló fi ohùn sí i, ará Gẹ̀ẹ́sì sì làwọn méjèèjì. Kíkí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ kẹta sì di àdúrà. Ẹni tó túmọ̀ ìlà àkọ́kọ́, "Nigeria, we hail thee", sí "Nàìjíríà, a yìn ọ́" ló fa gbogbo wàhálà yìí. "A kí ọ" ló yẹ kó jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí à ń kí láràárọ̀ la ò yìn.

Ti 1978 tún wá jìnnà sí ìyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn márùn-ún tó wọ ìdíje ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, Benedict Odiase tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ onífèrè àwọn ọlọ́pàá sì fi ohùn sí i. Ìpè ni ẹsẹ̀ kìíní, àdúrà ni ìkejì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2024, òfin dá wa padà sórí ti 1960. Ṣé bí òfin bá ti ń yí la ó máa yí orúkọ?

Lókè òkun ńkọ́? Orin ogun ni ti Faransé, èyí tí Rouget de Lisle kọ ní Strasbourg ní oṣù Kẹrin 1792. Àdúrà ni Enoch Sontonga kọ ní 1897, tí Gúúsù Áfíríkà wá so mọ́ Die Stem, orin orílẹ̀-èdè wọn àtijọ́, ní 1997, tó fi di orin kan ní èdè márùn-ún. Ti Spéìn kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ rárá, ohùn lásán ni. Ta ló ń fi ohùn lásán yin ìlú?

Ẹlòmíràn bèèrè ìdí tí "Dìde ẹ̀yin ará", ìtumọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ orin 1978, fi ń ta etí. Àkọ́kọ́, ẹnì kan là ń sọ "dìde" fún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni "ẹ̀yin". "Ẹ dìde" ni Yorùbá, àmọ́ sílébù kan yóò lé. Èkejì ni ohùn: kí ohùn orin bá àmì ohùn ọ̀rọ̀ mu, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká fi orin ọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, èyí tí Thomas Arne tò fún ilé eré Drury Lane ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1745, tí Liechtenstein ṣì ń fi ohùn rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ títí dòní. Nínú àmì sol-fa (d ni do, r ni re, t ni ti), ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni d d r, t d r, t yẹn sì wà lábẹ́ d. Ká ní a fi "Ọlọ́run d'ọ́ba sí" sí i. Sílébù mẹ́fà, ohùn mẹ́fà, iye pé. Ó yá, ẹ kọ ọ́. "Ọ" àti "lọ́" bọ́ sórí d kan náà, "run" gòkè lọ sórí r, etí wá ń gbọ́ "Ọlọrún". "Dọ́" tó yẹ kó wà lókè já sí t, ìsàlẹ̀ pátápátá. "Sí" nìkan ló bọ́ síbi tó yẹ ẹ́. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ orin inú ìwé orin ìjọ nìyẹn náà: wọ́n ka sílébù, wọn ò wo àmì ohùn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ti 1960 dáadáa, kó kọ́kọ́ kọ d r m ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó sàmì síbi tó ti gòkè àti ibi tó ti wálẹ̀, kó tó wá ọ̀rọ̀. Kò pọn dandan kí gbogbo sílébù bá a mu. Èyí tó ń yí ìtumọ̀ padà ni ká ṣọ́, kí "ìlú" má lọ di "ìlù". Nínú "a kí ọ", "kí" gbọ́dọ̀ ga ju "ọ" lọ. Bó bá wálẹ̀, ó di "kì", oríkì la wá ń ki Nàìjíríà yẹn, inú àwọn onímọ̀ràn "ìyìn" á sì dùn. Bí ohùn orin náà bá kọ̀ fún "a kí ọ", ọ̀rọ̀ mìíràn ni kí ẹ wá.