Wọ́n ka kọ̀ǹpútà jáde, wọn ò mọ Linux?

Oníṣọ́ọ̀bù Kabba: Okun o gbogbo ilé. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì máa ń wá kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Lánàá mo gbé láptọ́ọ̀pù tó ní Ubuntu, ìyẹn irú Linux kan tí wọ́n ń lò dípò Windows, síwájú ọ̀kan, ọdún mẹ́rin ló fi ka kọ̀ǹpútà o, ó wá ń wá Drive C ti Windows kiri, mo ní kó tẹ ls kó lè rí ohun tó wà nínú fódà, ó kàn ń wò mí. Ó dùn mí gan-an torí ọmọ náà ní làákàyè. Kí ló fà á?

Ará Mopa: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá a wí. Windows nìkan la bá ní láàbù nígbà tèmi náà, a da nóòtì kọ, a yege, ó tán. Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tó wà lábẹ́ Android tí gbogbo wa ń tẹ̀ yìí, ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ fojú kàn án.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀fẹ́ ni Linux kẹ̀, dátà tí wọ́n máa fi gbà á sílẹ̀ ló wọ́n. Ẹ fi Ubuntu sórí flash fún wọn, ó lè ṣiṣẹ́ látorí ẹ̀ láì fọwọ́ kan Windows wọn.

Oníṣọ́ọ̀bù Kabba: Ẹ ṣé mà. Màá ṣe é ní Sátidé.