Ìpàkọ́ ọmọ mi wà lápá ẹ̀yìn mi, ṣé ìrọbí mi á le ni?

Olùbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá. Oyún àkọ́bí ni mo gbé, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 38. Agbẹ̀bí yẹ inú mi wò lánàá, ó ní orí ọmọ ti wà nísàlẹ̀, àmọ́ ìpàkọ́ rẹ̀ wà lápá ẹ̀yìn mi. Mi ò rí oorun sùn. Ṣé iṣẹ́ abẹ ni màá fi bí i?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Bí àkọ́bí mi ṣe wà nìyẹn. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí ju inú lọ, àfi bíi pé wọ́n fi òkúta tẹ ìbàdí mi. Àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kó tó dé. Àmọ́ ó yí, mo sì fúnra mi bí i.

Agbẹ̀bí ni mí: Bí ìpàkọ́ bá wà níwájú, ọmọ á tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, ibi tó kéré lórí rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 9.5, ló máa kọ́kọ́ wọ ọ̀nà. Bó bá wà lẹ́yìn, àgbọ̀n kì í sábà lẹ̀ mọ́ àyà dáadáa, ibi tó ń bọ̀ lè fẹ̀ tó 11.5. Lára ẹni tí ò bímọ rí, ìyàtọ̀ yẹn lè sọ ìrọbí di ọ̀rọ̀ wákàtí gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń yí nígbà ìrọbí. Nínú gbogbo ọmọ 100 tí wọ́n bá bí, bíi 5 péré ló máa ń wà bẹ́ẹ̀ títí dìgbà ìbí. Àwọn míì lára wọn ń jáde bẹ́ẹ̀, dókítà ń fọwọ́ yí orí àwọn kan, àwọn kan sì ń gba iṣẹ́ abẹ. Ọ̀sẹ̀ 38 ò tíì sọ èyí tó máa jẹ́.

Ìyá Àdùkẹ́: Wọ́n ní kéèyàn máa kúnlẹ̀ fọ ilẹ̀, ọmọ á yí. Mo fọ ilẹ̀ títí ó fi ń dán, ọmọ ò mira!

Agbẹ̀bí ni mí: Ẹ̀rín pa mí! Kò sí ẹ̀rí pé ó ń yí ọmọ kí ìrọbí tó dé. Àmọ́ nígbà ìrọbí, kí ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹlẹ̀, ó máa ń dín ẹ̀yìn ríro kù. Tí wọn ò bá mọ ibi tí orí kọjú sí, ẹ ní kí wọ́n fi síkáànì wò ó. Ìka máa ń ṣìnà.

Ìyá Ìbejì: Ọkọ mi ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi ní tèmi. Òun ló gbà mí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin mọ̀mí. Mo ti ní kí ọkọ mi máa fi kọ́ra láti alẹ́ yìí. Ọwọ́ ẹ̀ ti wúwo jù!