Ọ̀rọ̀ ohùn tí kò bá ẹnu mu ti yanjú

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ dá sí ìbéèrè mi lórí fídíò ìsọmọlórúkọ tí ohùn ń yà kúrò lára ẹnu bó ṣe ń lọ sópin. Fóònù ló fà á. Kì í ya iye àwòrán kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan: 30 níta gbangba, ó lè já sí 24 nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ètò tá a fi ń gé fídíò sì máa ń kà á bí iye kan ṣoṣo, ìyẹn ni ohùn fi ń yà. Ẹ kọ́kọ́ gbé fídíò gba HandBrake, ètò tó ń yí fídíò padà. Lábẹ́ Video, ẹ mú 30 àti Constant Framerate (iye àwòrán tí kì í yí padà), kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ojúlówó fídíò tí fóònù yà rẹ́! Fódà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ti ohùn lọ́tọ̀. Ẹ má sì yí orúkọ fáìlì padà láàárín iṣẹ́. Ètò tẹ́ ẹ fi ń gé fídíò ò ní rí i mọ́.