Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi tó ti ń bàlágà lọ sí Èkó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Òṣogbo:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìsinmi o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún mi. Àkọ́bí mi, obìnrin, ti pé ọmọ ọdún 16. Ọkùnrin tó tẹ̀lé e jẹ́ ọmọ ọdún 14, àbíkẹ́yìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 13. Léṣìí, èmi àti bàbá wọn kó wọn lọ sí Èkó fún ọjọ́ méjì. Bàbá wọn ti kọ ibi mẹ́sàn-án tí a ó dé sínú ìwé. Mẹ́rin la dé. Inú mọ́tò la ti lo ìyókù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há wa mọ́ orí Third Mainland títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ki nǹkan bọ etí, ojú wọn wà nínú fóònù. Ọ̀sà lọ salalu lápá ọ̀tún àti lápá òsì wa, àwọn ọlọ́kọ̀ Mákòkó ń tukọ̀ lọ tukọ̀ bọ̀, kò sí ẹni tó wò wọ́n.

Nígbà tí a délé, mo bi àkọ́bí mi pé kí ló gbádùn jù. Ó ronú títí, ó ní, "Màmá, búrẹ́dì tí a rà ní Agége yẹn." Kò sọ ọ́ láti fi dùn mí. Òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí.

Ọdún méjì sí i, ó ti lè wọ yunifásítì. Mi ò mọ ìgbà tí àwa márààrún tún máa jọ rìnrìn àjò. Ọjọ́ mẹ́rin la ní nínú oṣù kẹjọ yìí, ẹ̀gbọ́n mi ní Súrùlérè ló sì máa gbà wá sílé. Owó wa mọ níwọ̀n. Obìnrin yẹn máa ń yàwòrán tọ̀sán tòru. Orin ni ti èyí tó tẹ̀lé e. Àbíkẹ́yìn kì í lè jókòó sójú kan. Ibo ni irú àwọn ọmọ báyìí ti máa gbádùn lóòótọ́?

Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta:
Ẹ kú ìtọ́jú wọn, Ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mọ́tò sílé. Òun ló ba ti èṣí jẹ́.

Ẹ wọkọ̀ dé Ìbàdàn, kí ẹ lọ wọ rélùwéè ní Mónìyà. Láti 2021 ló ti ń kó èrò lọ sí Èkó, Alágọmejì lẹ́bàá Yábà ló sì ń já wọn sí. Sí Súrùlérè láti ibẹ̀, kò jìnnà rárá. Àwọn ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún 15. Abẹ́òkúta níbí la ti wọ̀ ọ́, nígbà tí a fi máa dé Agége, àwọn méjèèjì ti mú ojú fèrèsé kan ṣoṣo, wọ́n ń jà nítorí ẹni tó máa fi fóònù gba fídíò. Fóònù yẹn náà ni, àmọ́ ìta ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì o, torí ó máa ń tán bí iléèwé bá ti gba ìsinmi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Bàbá Ìbejì sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé nínú Èkó gan-an, ọkọ̀ ojú irin ti wà báyìí. Blue Line ń rìn láti Mile 2 dé Marina láti oṣù kẹsàn-án 2023, kìlómítà 13 ni. Ìgànmú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ National Theatre, ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́ bí ẹ bá ti Súrùlérè wá. Ó máa gorí omi kó tó wọ Marina, gbogbo ilé gogoro Ìdúmọ̀tà àti Broad Street á sì máa bọ̀ níwájú yín díẹ̀díẹ̀. Èmi tí wọ́n bí sí Èkó, mo ṣì máa ń dìde dúró wò ó.

Káàdì Cowry ni ẹ máa fi wọ̀ ọ́. Ẹ rà á ní ibùdókọ̀, kí ẹ kówó sí i. Káàdì yẹn náà lẹ máa fi wọ bọ́ọ̀sì BRT àti Red Line, ọkọ̀ ojú irin kejì nínú Èkó.

Bí ẹ bá ti sọ̀ ní Marina, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn. Ọmọ yín tó ń yàwòrán, ẹ mú un dé àdúgbò Campos. Ibẹ̀ ni àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil padà bọ̀ kọ́ ilé wọn sí. Púpọ̀ ti wó, àmọ́ èyí tó kù tó ohun tí ọmọ á fi odidi òwúrọ̀ wò: òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe sí orí fèrèsé, òpó róbótó róbótó, kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey náà kò jìnnà, 1894 ni wọ́n ṣí i. Ọwọ́ àwọn Àgùdà yẹn náà ló kọ́ ọ. Kí ó mú ìwé àti pẹ́ńsùlù dání, kí ẹ má sì kán an lójú.

Bàbá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde:
Gbogbo ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ má kó ọmọ dé Èkó kí ẹ má dé Àgbádárìgì. Ọmọ tó ti tó 14 yẹ kó fojú rí ibi tí wọ́n ti kó àwọn baba wa sínú ọkọ̀ òkun. Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ ní 1845, ṣì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbà tí Sèríkí Abass, oníṣòwò ẹrú, ń há àwọn ẹrú mọ́.

Tíṣà Ìtàn, Ìkòròdú:
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ. Mo ti kó ọmọ iléèwé lọ sí Àgbádárìgì lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sí èyí tí àwọn ọmọ kò dákẹ́ nígbà tí a bá rékọjá omi lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, tí a ń fẹsẹ̀ rin iyanrìn lọ sí etí òkun. Ìdí yẹn gan-an ni mi ò fi fẹ́ kí wọ́n há a mọ́ ọjọ́ mẹ́rin. Ó jìn, ojú ọ̀nà kì í ṣeé fọkàn tán, ọmọ tó ti rẹ̀ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó dá dúró ní ọdún mìíràn.

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ mi kọ́ mi. Ibi tí ẹ lọ kò ṣe pàtàkì tó ẹni tó mú yín débẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ lè fà á lọ́wọ́. Ọmọ 14 tí ẹ bá fà lọ́wọ́, ara rẹ̀ nìkan ló máa tẹ̀ lé yín. Nítorí náà, ẹ pín ọjọ́ fún wọn. Ọjọ́ kan, ọmọ kan. Ẹni tó ni ọjọ́ yẹn ló máa yan ibi, òun ló máa wo ọ̀nà lórí Google Maps, òun ló máa bi ẹlẹ́kéké ní iye tó ń gbà, òun ló máa sọ ibi tí a ó ti jẹun. Ẹ̀yin àti bàbá wọn, ẹ máa tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kẹrin, kí ẹ̀yin méjèèjì yan tiyín.

Ibi kan ṣoṣo láàárọ̀, ibi kan nírọ̀lẹ́. Kí ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Òṣogbo:
Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ owó ló bà mí. Ṣé kí n kó owó lé ọmọ ọdún 13 lọ́wọ́ nínú Èkó?

Tíṣà Ìtàn, Ìkòròdú:
Ẹ̀yin ni kí ẹ di owó mú, òun ni kó máa ná an. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára àpòòwé kan, kí ẹ fi owó ọjọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀: ti ọkọ̀, ti oúnjẹ, ti ẹnu ọ̀nà. Iye tó bá ṣẹ́ kù di tirẹ̀. Àbúrò mi kan ṣe é fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ tó máa ń béèrè pítísà nílé, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yà jẹ ẹ̀wà àgọ̀yìn, kí owó lè ṣẹ́ kù.

Àǹtí Peckham:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. London ni mo ń gbé, mo kó ọmọ mi méjì àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá sílé ní oṣù Kejìlá. Mo ti rò pé ilé ìtajà ńlá ni wọ́n máa fẹ́. Wọ́n wo ọ̀kan, wọ́n ní irú rẹ̀ wà nítòsí ilé wa.

Èyí tí wọ́n ń sọ títí di òní ni Lekki Conservation Centre. Afárá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ òkè láàárín igi, mítà 401 ni gígùn rẹ̀, ó sì ń mì bí ẹ ṣe ń gbésẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣe bí ẹni tí nǹkan kan kì í bà lẹ́rù, di okùn mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń pè mí, "Mummy, ẹ má fi mí sílẹ̀." Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti di ọwọ́ mi mú kẹ́yìn. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí wọ́n wọ bàtà kánfáàsì, kí ẹ má sì mú ìpékeré dání ní gbangba. Ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan já ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì jókòó sórí ẹ̀ka, ó ń jẹ ẹ́ níwájú wa.

Fún ọmọ tó ń yàwòrán, Nike Art Gallery wà ní apá Lekki yẹn kan náà. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè ilé náà, àwòrán ni. Àádìrẹ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni igi gbígbẹ́. Wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà nígbà tí a lọ.

Ọmọ Ọdún 17, Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé, mà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, àmọ́ èmi náà ni wọ́n máa ń kó lọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kéré tán. Ẹ má ní kí wọ́n dúró ya fọ́tò níbi gbogbo. Ẹ ra dátà díẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè fi ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn, torí ìyẹn wà lára ìgbádùn náà fún wa. Kí ẹ má sì máa sọ pé "nígbà tèmi".

Ẹni tó fẹ́ràn orin, Kalakuta Museum ni, mà. Ó wà ní òpópónà Gbémisọ́lá ní Ìkẹjà. Ilé tí Fẹlá gbé kẹ́yìn ni, 2012 ni wọ́n sọ ọ́ di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Yàrá rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, wọ́n to bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ibojì rẹ̀ sì wà níwájú ilé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, ibi tí wọ́n ti jó orin Fẹlá nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ogún ọdún. Láti Yábà, ẹ wọ Red Line dé Ìkẹjà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ọmọ dáadáa ni ẹ.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Òṣogbo:
Mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn lánàá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ti ọmọ ọdún 17 ni wọ́n ní kí n kà lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò ní kọ ìwé kankan lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n ti yan. Àkọ́bí mú Campos àti Nike. Èkejì mú Kalakuta láàárọ̀, Freedom Park nírọ̀lẹ́, bóyá wọ́n á máa kọrin níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn ní omi lòun fẹ́, pé kí a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay. Ọ̀rọ̀ wá bọ́ síbẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, ó sì bẹ̀rù omi gan-an. Ó ní òun á dúró sílé lọ́jọ́ yẹn. Àbúrò rẹ̀ sì ti ń sunkún.

Tíṣà Ìtàn, Ìkòròdú:
Freedom Park dára. Kó mọ̀ kó tó débẹ̀ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn ni tẹ́lẹ̀, àti pé Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n gbé pèpéle orin sí báyìí. Àwọn ọmọ mi máa ń béèrè ìbéèrè púpọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ ìyẹn.

Ní ti èyí tó ń bẹ̀rù omi, kí ẹ̀yin òbí fi ọjọ́ tiyín mú wọn lọ sí John Randle Centre ní Oníkàn. Àṣà àti ìtàn àwa Yorùbá ló kún ibẹ̀. Ní 1928, Dókítà John Randle fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ odò ìwẹ̀ sí ilẹ̀ yẹn kí àwọn ọmọ Èkó lè kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún un pé kì í ṣe òun nìkan ni kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ìyá wa, ẹ má lọ Tarkwa nínú oṣù kẹjọ. Òkun máa ń ru lásìkò òjò, ẹ̀rù á tún ba ọmọ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orí ọ̀sà ni kí ẹ dúró. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ìjọba láti CMS lọ sí Ìkòròdú, kí ẹ sì bá a padà. Ọkọ̀ ńlá ni, ó ní òrùlé, omi ọ̀sà sì máa ń rọlẹ̀ láàárọ̀. Àbíkẹ́yìn á rí omi tó fẹ́.

Gbogbo yín ni kó wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ̀yin àti bàbá wọn náà. Ẹ so gbogbo okùn rẹ̀, ti àyà àti ti ìbàdí. Èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá ti já, ẹ dá a padà kí wọ́n fún yín ní òmíràn. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ má wọ̀ ọ́, ó di ọjọ́ kejì.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Òṣogbo:
Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo sọ fún obìnrin náà, ó ní tó bá jẹ́ ọ̀sà, òun á gbìyànjú. Àbúrò rẹ̀ ti nu ojú, ó ní òun ni òun máa so láífù jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n òun. Láti àárọ̀ ló ti ń fi ìgbànú bàbá rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dúró ṣánṣán fún un.