Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò jẹ́ kí n sùn mọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo orúkọ mi.

London ni mo wà. Ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń wọ kóòtù àti táì lọ kọ́ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíì bí wọ́n ṣe máa pawó sí i. Ọdún mẹ́ta rèé, ọ̀gá mi ò tíì lè pe orúkọ mi. "Toby" ló ń pè mí. Láti oṣù kẹta ni mo ti wà lọ́dọ̀ oníbàárà kan tó ń ṣe ohun ìjà. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, wákàtí méjì lójú irin ní àlọ nìkan, wọn ò sì tíì san owó ọkọ̀ mi padà. Pòtétò ni oúnjẹ wọn lójoojúmọ́.

Nínú Excel tí mò ń ṣe, ẹ ò ní rí bọ́ǹbù. "Ẹyọ" ni wọ́n ń pè é. Ẹyọ mélòó ló lè jáde lóṣù, èló ni ẹyọ kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá mi gbé máàpù ayé síwájú wa, ó ti fi àwọ̀ ewé kun gbogbo ilẹ̀ tó múlé ti ibi tí ogun wà. Ó ní, "Ẹni tẹ́rù bá ń bà ló ń rajà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ní ọ́fíìsì wa, àjà kejì la wà; àwọn ará wa tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ohun tí wọ́n máa rà wà lájà kẹta. Ẹ̀rọ tíì kan náà la jọ ń lò.

Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀? Ìyàwó mi ní orí mi ti ń dàrú.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, ṣé iṣẹ́ ló ń dùn ẹ́ ni àbí Toby? Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ọ́fíìsì ni mò ń gbá lóru. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan wà lórí tábìlì ọ̀gá kan, ojoojúmọ́ ni mò ń nu eruku ara ẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bọ́ǹbù ni àwọn nǹkan róbótó tó wà lábẹ́ apá ẹ̀. Ṣé èmi náà jẹ̀bi ni?

Bàbá Àánú: Ṣé igi lẹ fẹ́ kí wọ́n fi lé Boko Haram ni? Ọkọ̀ òfuurufú ogun Super Tucano 12 tí Nàìjíríà rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, tó dé ní 2021, ẹnì kan ló jókòó ṣe ìwé ẹ̀. Jẹun ẹ, jàre.

Ọmọ Ọ̀ṣun: Tudun Biri ńkọ́, sà? Oṣù Kejìlá 2023, Màólúùdù ni wọ́n ń ṣe ní Kaduna tí dúróònù àwọn sójà wa fi ju bọ́ǹbù lù wọ́n. Ó lé ní 80 èèyàn tó kú.

Bàbá Àánú: Sójà ló ṣàṣìṣe. Ẹni tó ń ṣe Excel kọ́.

Ọmọ Ọ̀ṣun: Ẹni tó ń ṣe Excel kì í dé kóòtù, ìyẹn ló ń bí mi nínú. Ní London níbí, 2019, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ní ọ̀nà tí ìjọba ń gbà fọwọ́ sí títa ohun ìjà fún Saudi, tí wọ́n ń lò ní Yemen, kò bófin mu. Nígbà tó fi máa di 2020, wọ́n ti tún ń fọwọ́ sí i.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ jà níta.

Akin Leeds: Ọ̀gbẹ́ni, físà ẹ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ ló gbé e, tó o bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ 60 ni ìjọba sábà máa ń fún èèyàn láti wá ẹlòmíì tó máa gbé e. Ní kí wọ́n gbé ẹ lọ sọ́dọ̀ oníbàárà mìíì. Èmi kọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn onísìgá, kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣé o ti bi wọ́n?

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé. Owó ọkọ̀ yẹn ti di 640 pọ́n-ùn o. Wọn ò kúkú fipá gbé mi lọ, èmi ni mo tọrọ ẹ̀. Àjẹmọ́nú wà níbẹ̀, a sì fẹ́ ra ilé.

Ìyá Ìbejì: Ehn-ehn! Ìwọ lo tọrọ ẹ̀!

Bàbá Àánú: Mo ní kó jẹun ẹ.

Akin Leeds: Wá iṣẹ́ mìíì kó o tó fi èyí sílẹ̀. O ò tíì dá mi lóhùn lórí físà.

Ẹni tó béèrè: Ẹ má bínú, ó ku nǹkan kan. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo fi máàpù yẹn àti Excel ránṣẹ́ sí email ara mi. Mo rò pé oníròyìn kan lè fẹ́ rí i.

Akin Leeds: Há! Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti físà. Má sọ nǹkan kan mọ́ níbí. Snowden tó tú àṣírí ìjọba Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn lòun náà ti ń ṣiṣẹ́ ní 2013, Booz Allen, Russia ló sá já sí. Wá lọ́yà lálẹ́ yìí. Má sì pa email yẹn rẹ́ o.

Ẹni tó béèrè: Mo ti pa á rẹ́ láàárọ̀.

Ìyá Ìbejì: Jésù!

Ẹni tó béèrè: HR ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpàdé ránṣẹ́ sí mi, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la. Wọ́n kọ orúkọ mi pé pérépéré. Kò sí Toby níbẹ̀.