Ẹ̀yin tó ti fi kọ́ìnì proof ránṣẹ́ láti gba máàkì, kí lojú yín rí?

Baba Ìbejì (Houston)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnìkan bèèrè níbí pé kí làǹfààní kí èèyàn máa sanwó fún ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ kọ́ìnì wò kí wọ́n lè há kọ́ìnì mọ́ inú ike, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i, ìyẹn máàkì tí 70 ga jù níbẹ̀. N ó sọ tèmi, kí àwọn tó kù náà mú tiwọn wá.

Ààbọ̀ dọ́là ti ọdún 1964 tó ní orí Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà tó ti dolóògbé, ni mo ń ṣà jọ, èyí tí wọ́n ṣe ní proof nìkan. Fún ẹni tí kò bá mọ proof: ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ owó á dán òǹtẹ̀, á dán irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ilẹ̀ rẹ̀ á wá dán débi pé ẹ lè wo ojú yín nínú rẹ̀. Wọn kì í ṣe é fún nínà. Ti 1964 yìí, fàdákà ìdá 90 nínú 100 ni, Philadelphia ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó sì pọ̀ rẹpẹtẹ: páàkì 3,950,762, tí ọ̀kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ni wọ́n tà lọ́dún náà, dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 10 ni páàkì kan. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé proof 1964 ṣọ̀wọ́n, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ kọjá. Ohun méjì ló ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Accented Hair. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ìlà irun tó wà lókè etí Kennedy jinlẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí òǹtẹ̀ padà tí irun náà fi rọlẹ̀. Ìtàn tí àwọn tó ń ṣà kọ́ìnì jọ máa ń sọ ni pé ìyàwó olóògbé, Jacqueline, ni kò fẹ́ràn irun yẹn. Ẹ má fi irun nìkan dá a mọ̀ o, ojú lè tan yín. Ẹ wo lẹ́tà I inú LIBERTY: ẹsẹ̀ rẹ̀ kékeré lápá òsì nísàlẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ìkejì ló jẹ mí lógún jù, òun ni Cameo. Kọ́ìnì tó bá jẹ oyè Cameo, orí Kennedy á funfun bí ẹni tó kun àtíkè, ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á sì dúdú, á máa dán. Nígbà náà, ásíìdì ni wọ́n fi ń wẹ òǹtẹ̀ kí ojú àwòrán lè rí ṣákiṣàki, wọ́n á wá dán ilẹ̀ tó yí i ká. Ṣùgbọ́n bí òǹtẹ̀ ṣe ń tẹ kọ́ìnì lọ ni ṣákiṣàki yẹn ń jẹ. Àwọn kọ́ìnì tó kọ́kọ́ bọ́ lábẹ́ òǹtẹ̀ tuntun ló ń kó gbogbo funfun náà. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn kàn ń dán ni, orí àti ilẹ̀ bákan náà. Ìyẹn ló mú kí Cameo àwọn ọdún 1950 àti 1960 wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ owó tó wà ní San Francisco ti rí ọgbọ́n dá sí òǹtẹ̀ wọn, kò sì sí ohun ìyanu mọ́ nínú Cameo ti òde òní.

Mo ra páàkì díẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé bàbá arúgbó kan tó ti kú, ọ̀rá wọn ṣì wà ní dídì. Mo pa gbogbo iná yàrá, mo tan gílóòbù kan ṣoṣo, mo sì ń yí kọ́ìnì síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ rẹ̀. Méjì ló wọ̀ mí lójú. Ọ̀kan jẹ́ Accented Hair, ó funfun níwájú lẹ́yìn. Èkejì jẹ́ ti gbogboogbò, àmọ́ orí Kennedy tó wà lára rẹ̀, ẹ máa rò pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Mo fi wọ́n sínú àpò oníke tí kò ní PVC (irú ike kan), nítorí PVC máa ń da ọ̀rá aláwọ̀ ewé sí kọ́ìnì lára. Nínú fọ́ọ̀mù, mo kọ orúkọ Accented Hair sí ibi tó yẹ, mo sì san owó tó jẹ mọ́ ọn lọ́tọ̀, torí bí ẹ ò bá béèrè fún un, wọn lè má kọ ọ́ sí i. Mo wá fi í sí ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ sí.

Èsì dé. Accented Hair gba 66, ó sì jẹ oyè CAM, ìyẹn Cameo. Èkejì tí mo gbójú lé gba 68, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí CAM. Mo gbé e sábẹ́ iná padà. Ẹyẹ idì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dán lásán ni, kò sí funfun níbẹ̀. Òǹtẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń tẹ iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀kan lè jẹ́ tuntun kí èkejì ti gbó. Oyè yẹn kì í wá àyàfi bí ojú méjèèjì bá funfun tó. Nọ́ńbà ń sọ bí ara kọ́ìnì ṣe dá ṣáká tó; oyè ń sọ bó ṣe jáde lábẹ́ òǹtẹ̀. Èyí tó ní 66 yẹn ni àwọn èèyàn ń bá mi dunàádúrà lé lórí.

Àbíkẹ́ Peckham

Baba Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi kì í ṣe ti Amẹ́ríkà rárá, owó tiwa ni: páàkì proof Nàìjíríà ti 1959, ọdún tó ṣáájú òmìnira. Royal Mint, ilé-iṣẹ́ owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tẹ̀ ẹ́, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní Tower Hill ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mẹ́fà ni wọ́n. Eépìnnì àti kọ́bọ̀ ní ihò láàárín, pẹ̀lú ìràwọ̀ onígun mẹ́fà. Tọ́rọ̀ ní igun méjìlá, òwú ló wà lára rẹ̀. Kòkó wà lára sísì, imọ̀ ọ̀pẹ lára ṣílè, ẹ̀pà lára ṣílè méjì. Bàbá mi rí fọ́tò wọn, wọ́n ní, "Àbíkẹ́, tọ́rọ̀ tí à ń fi ra àkàrà nìwọ ń sanwó fún kí wọ́n máa wò?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan tó máa ń kó kọ́ìnì ránṣẹ́ fún èèyàn ni mo gbà lọ. Ó rọrùn ju kí n máa bá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù jà lọ, àmọ́ ẹ rí i pé iye tí ẹ kọ sílẹ̀ jẹ́ iye tó tọ́, nítorí ìyẹn ni wọn á san bó bá sọnù.

Sísì gba 66. Kò jẹ oyè kankan, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí orí ọbabìnrin àti ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bákan náà. Eépìnnì tó ti ń dúdú díẹ̀ gba 65 RB. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀: kọ́ìnì bàbà máa ń gba oyè àwọ̀. RD ni èyí tó ṣì pupa bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, RB ni èyí tó wà láàárín, BN ni èyí tó ti di bí àwọ̀ igi.

Kọ́bọ̀ ló bí mi nínú. Òun ló pupa jù nígbà tí mo rà á, ọkùnrin tó tà á fún mi ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí. Ohun tí wọ́n kọ sí ara ike rẹ̀ ni Details, Cleaned, ìyẹn ni pé wọ́n ti nù ún. Kò sí nọ́ńbà kankan. Ẹnìkan ti fi aṣọ nù ún! Ìgbà tí mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó ni mo rí àwọn ìlà tín-ín-rín lórí ilẹ̀ rẹ̀, gbogbo wọn dorí kọ ọ̀nà kan náà. Proof kì í bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, dídán rẹ̀ gan-an ló ń tú u fó. Bí kọ́ìnì bàbà tó ti pẹ́ bá pupa ju bó ti yẹ lọ, ẹ fura.

Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò nínú ike ni, àbí kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú owó o. Èmi ní páàkì proof 1973 tí wọ́n ṣe nígbà tí náírà dé: ààbọ̀ kọ́bọ̀, kọ́bọ̀ kan, márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àpótí rẹ̀ ni mo fi í sí títí dòní. Tí mo bá fi owó ìfìwéránṣẹ́ kún owó tí wọ́n fẹ́ gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti ju iye tí mo lè tà á lọ. Kò yé mi ìdí tí n ó fi fọ́ páàkì tó pé pérépéré nítorí nọ́ńbà.

Ìbéèrè kan ṣá: mo rí ike tí wọ́n kọ First Strike sí. Ṣé òun náà ni Baba Ìbejì ń sọ, àwọn tí òǹtẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀?

Baba Ìbejì (Houston)

Akọ̀wé, òótọ́ lẹ sọ nípa páàkì yẹn, èmi náà ò ní fọ́ ọ.

First Strike kì í ṣe ohun tí mo ń sọ o. PCGS àti NGC ni ilé-iṣẹ́ méjì tó ń fún kọ́ìnì ní máàkì; ti PCGS nìyẹn, NGC ń pe tiwọn ní Early Releases. Ó túmọ̀ sí pé kọ́ìnì náà dé ọwọ́ wọn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ owó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Déètì ni wọ́n ń wò. Kọ́ìnì tí òǹtẹ̀ tẹ̀ kẹ́yìn lè gbà á tí wọ́n bá tètè fi ránṣẹ́. Cameo ní tirẹ̀, ojú ni wọ́n fi ń rí i. Èmi kì í fi kọ́bọ̀ kan kún owó nítorí First Strike, ṣùgbọ́n àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, owó wọn ni.

Ẹ tún kíyè sí i, ike ayédèrú ti wà lọ́jà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sí ojú òpó ilé-iṣẹ́ tó há a, kí ẹ sì fi fọ́tò ibẹ̀ wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà nìkan ò tó, wọ́n máa ń jí nọ́ńbà tòótọ́ kọ.

Àbíkẹ́, má yọ kọ́bọ̀ yẹn kúrò. Bó bá wà nínú ike Details, ẹni tó fẹ́ rà á á mọ ohun tó ń rà, kò sì sẹ́ni tó máa bá ọ jà lọ́la. Ya fọ́tò eépìnnì wá, jọ̀ọ́. Gílóòbù kan ṣoṣo, má lo fláàṣì.