Ṣé a lè jẹ ewé orí omi tí mo ń gbìn fún ẹja?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìjókòó o. Àjàṣẹ́ ni mo wà, mo ń sin ẹja. Mo máa ń gbin lentille d'eau fún wọn, ewé wínníwínní tó máa ń bo ojú omi. Mo wá gbọ́ pé ní Thailand, ènìyàn ń jẹ ẹ̀yà rẹ̀ kan, Wolffia. Tó bá gbẹ, èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ lè tó 20 sí 45 nínú 100. Ó sì ń tètè pọ̀! Pẹ̀lú bí ẹran ṣe wọ́n yìí, ó wù mí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ewé yìí máa ń fa òjé àti cadmium (irin olóró bíi òjé) inú omi sára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó láti tún omi ìdọ̀tí ṣe. Síse á pa kòkòrò àti ẹyin aràn, kò lè yọ òjé. Omi ọ̀sà tí gọ́tà ìlú ń ṣàn sí, n kò ní fi gbin ohun tí ọmọ mi máa jẹ láé. Omi kànga ni mo fẹ́ lò, nínú kòtò ọ̀tọ̀.

Ìyá ọkọ mi ní ṣebí ojúoró náà wà ńlẹ̀. Èyí tó ń yún ni lẹ́nu kẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, àyẹ̀wò wo ni kí n ṣe fún omi kànga ná? Ṣé ìgbẹ́ adìẹ ò léwu bí ajílẹ̀ rẹ̀? Ta ló sì ti sè é mọ́ ẹ̀gúsí rí?